Orúkọ Abẹ́ Káàdì

Ẹni tó bá mọ Sùlíyá ní Agége kí kánsù tó ṣí ilé ìkàwé sí Ìkẹjà yóò sọ fún yín pé obìnrin náà kì í jowú. Obì gbàǹja ni ó ń tà. Ọkọ rẹ̀, Àlàmú, ló máa ń lọ ra obì bọ̀ láti oko, ṣùgbọ́n Sùlíyá ló ń bó o, tó ń ṣà á, tó ń fi ewé tútù tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Òun náà ló ń bá àwọn oníṣòwò Haúsá tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó obì lọ sí Kánò dúnàá-dúrà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni tọkọtaya náà ti wá. Yàrá kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn rélùwéè, inú yàrá yẹn ni àwọn àti obì jọ ń sùn, tí òórùn ewé kì í fi í kúrò lára aṣọ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé tiwọn, ilé onípáànù tó ní fàràǹdà níwájú. Ràmátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí Àlàmú fẹ́ Fàúsát ṣe ìyàwó kejì, àwọn ará àdúgbò ń retí ariwo. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Fàúsát, Sùlíyá fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, Fàúsát sì ti ka Ìwé Mẹ́fà. Ariwo kò sọ. Sùlíyá fọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ibi tí ìkòkò wà hàn án, ó sì sọ irú ọbẹ̀ tí Àlàmú kì í fẹ́ jẹ fún un. Ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀ ni pé Àlàmú mọ nǹkan pín. Bó bá ra aṣọ, irú kan náà ni fún àwọn méjèèjì. Bó bá pa àgbò Iléyá, itan kan ni fún èyí, itan kan ni fún tọ̀hún. Ọjọ́ tí í ṣe ti Sùlíyá, ọ̀dọ̀ Sùlíyá ni yóò wà, kì í yẹ̀. Sùlíyá máa ń sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bó obì pé orogún kì í ṣe wàhálà, ọkọ tí kò mọ nǹkan pín ni wàhálà.

Àfi ìgbà tí nǹkan kan dé tí kò ṣeé pín.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi katakata ro igbó Ìkẹjà kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ sí i, eruku pupa sì ń bá afẹ́fẹ́ wá títí dé Agége. Kánsù wá ṣí ilé ìkàwé kékeré kan sí Ìkẹjà. Tinúadé, ìyàwó akọ̀wé rélùwéè kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Fàúsát, ló mú ìròyìn náà wá sílé. Ó ní èèyàn lè máa yá ìwé kọ̀ọ̀kan lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ṣáà ti gba káàdì, àmọ́ kó tó lè gba káàdì, ẹnì kan tó ń san owó orí ní láti ṣe onídùúró rẹ̀. Fàúsát kúnlẹ̀ bẹ Àlàmú. Àlàmú ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ dàńdógó tó fi ń kírun Jímọ̀, ó dé fìlà abetíajá, ó fi rìsíìtì owó orí rẹ̀ sápò, ó gbé Fàúsát sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di Ìkẹjà. Sùlíyá wà nídìí obì tó rẹ sómi. Ó kí wọn pé kí wọ́n lọ ire kí wọ́n bọ̀ ire, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, Àlàmú kò dúró bọ́ dàńdógó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fi káàdì kékeré aláwọ̀ ewé kan han Sùlíyá, ó ń fi ìka tọ́ ọ. "Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè yìí, orúkọ tèmi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ka sí ìwé. Akọ̀wé ní bí ohunkóhun bá ṣe ìwé wọn, èmi ni àwọn mọ̀." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Sùlíyá na ọwọ́ láti gbà á wò. Omi obì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fàúsát yára fa káàdì náà sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyáálé," ó ní, "kí omi má kàn án."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, Sùlíyá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n fi ṣe rere. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, nǹkan kan wọ inú àyà rẹ̀ tí kò jáde. Ìdílé méjì ló pàdé nígbà ìgbéyàwó òun àti Àlàmú, àlùfáà ṣe àdúà, wọ́n jẹ, wọ́n mu, ó parí. Kò sí ibì kan láyé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí pọ̀. Òun tó bá a jẹ ẹ̀bà láìlọ́bẹ̀ lẹ́yìn rélùwéè, òun tó mọ iye obì tí wọ́n fi kọ́ ilé, orúkọ òun kò sí níbì kankan. Ọmọ tí wọ́n gbé dé lánàá, orúkọ rẹ̀ àti ti Àlàmú ti jọ wà lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n jọ sùn.

Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì bí kì í bá ṣe ìwé kíkà. Lẹ́yìn ìrun mùgàríbà, Fàúsát á gbé àtùpà sí fàràǹdà, á ṣí ìwé, á máa yí òyìnbó inú rẹ̀ sí Yorùbá fún Àlàmú. Ìwé àwọn ẹranko ilẹ̀ òtútù ni èyí tó kọ́kọ́ yá. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí kò lè fò, tó ń rìn lórí yìnyín bí ọlọ́lá tó wọ agbádá. Àlàmú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sùlíyá ń gbọ́ ẹ̀rín náà láti inú yàrá rẹ̀. Kò rántí ìgbà tí òun pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó jáde sí wọn pé kòkòrò ti wọ apẹ̀rẹ̀ obì kan, kí Àlàmú wá wò ó. Ọjọ́ Sùlíyá ni ọjọ́ náà. Àlàmú kò yí ojú sí i. "Jẹ́ kó ka èyí tán ná," ó ní.

Sùlíyá padà sínú ilé. Ó tú apẹ̀rẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ó ń ṣa obì tó dára kúrò nínú èyí tó bàjẹ́, ó sì ń gbọ́ ohùn Fàúsát tó ń lọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí omi inú àmù.

Owú wá mú un ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Fàúsát ní "Akọ̀wé," lójú àwọn èèyàn. Ó fi iṣẹ́ obì bíbó sí ìrọ̀lẹ́, àkókò tí Fàúsát ń retí láti kàwé. Kò sì sí ẹni tó bó obì tí oje rẹ̀ kì í pa á lọ́wọ́ dà. Fàúsát á fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ títí, pípọ́n náà kì í lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ó máa ń fi etí aṣọ di ọwọ́ náà kó tó ṣí ìwé. Síbẹ̀, ọjọ́ kan wà tó dé láti Ìkẹjà pẹ̀lú ojú tó wú. Akọ̀wé ilé ìkàwé ti rí àmì ìka pupa lára ojú ewé kan, ó sì bá a wí níwájú àwọn èèyàn. Inú Sùlíyá dùn nígbà tó gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí Fàúsát gbé oúnjẹ wá fún un, tó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, inú dídùn náà di nǹkan mìíràn, kò sì lè jẹ oúnjẹ ọ̀hún tán.

Ní ọjọ́ kan tí Àlàmú wà lọ́dọ̀ Sùlíyá, obìnrin náà sọ fún un pé òun náà ń fẹ́ tòun.

"Tìrẹ wo?"

"Káàdì."

Àlàmú wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Ó rán an létí pé kò mọ ìwé. Sùlíyá ní òun mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

"Kí lo wá fẹ́ fi ṣe, Ìyá Ràmátù?"

"Bàbá Ràmátù, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra aṣọ fún àwa méjèèjì, ẹ ò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ pín in fún mi bí ẹ ti ń pín nǹkan."

Àlàmú náà mọ̀ pé ìpín ni ohun tí gbogbo ayé fi ń yin òun. Nígbà tí ọjọ́ ọjà kọjá, ó tún wọ dàńdógó, ó gbé Sùlíyá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Sùlíyá ti wẹ̀ nígbà méjì kí òórùn obì lè kúrò lára rẹ̀. Ó wọ ìró àti bùbá tó tuntun jù, ó lé tìróò.

Yàrá kan péré ni ilé ìkàwé náà, ó mọ́ tónítóní, ìwé tò sára ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn èèyàn jókòó tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sùlíyá ò rí irú rẹ̀ rí, ibi tí èèyàn pọ̀ sí tí kò sí ariwo, bí ìgbà tí àwọn èèyàn ń retí kí lèmọ́mù gbé ohùn sókè. Ọmọ Èkìtì kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runníyì ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ó dìde fún wọn, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó rò pé tìtorí Fàúsát ni wọ́n ṣe wá, àfi ìgbà tí Sùlíyá ní òun lòun ń fẹ́ káàdì. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó fẹ́ yá ìwé ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, onídùúró nìkan ló lè tẹ̀ka. Sùlíyá ní òun á lọ kọ́ ọ. Ọlọ́runníyì ní ó dára, kí wọ́n kàn sọ ẹni tí yóò dúró fún wọn. Àlàmú ti fa rìsíìtì owó orí rẹ̀ yọ.

Ọlọ́runníyì wò ó, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó wo àwọn káàdì inú rẹ̀ díẹ̀, ó sì da rìsíìtì náà padà. Ó ní òfin kò gbà kí ẹnì kan dúró fún ẹni méjì. Àlàmú ní ìyàwó òun ni obìnrin yìí náà, ìyáálé sì ni.

"Mo gbọ́, sà," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ yín ti wà lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn."

Sùlíyá dìde, ó kí i, ó jáde. Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá ojú irin padà sí Agége, Àlàmú ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kò mọ̀. Sùlíyá ní kí ó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ti Fàúsát, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Àlàmú ní ìka tí òun ti tẹ̀, òun kò lè lọ pa á rẹ́. Sùlíyá yára ẹsẹ̀ sí i títí wọ́n fi délé.

Fàúsát gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wá bá Sùlíyá nínú yàrá, ó ní òun á kọ́ ọ bí wọ́n ti ń kọ orúkọ, kò ní pẹ́. Sùlíyá dúpẹ́, ó ní kò sí ìyọnu. Ì bá kúkú wà láìmọ̀wé títí láé ju kí ó ti ọwọ́ Fàúsát gba ìyẹn náà.

Ọ̀dọ̀ Adégbénró ló lọ. Tíṣà ni ọkùnrin náà, opó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni, ó sì ń kọ́ àwọn àgbà níwèé ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí rélùwéè lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Àìkú. Káfíńtà wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, àwọn obìnrin kò ju ìwọ̀nba lọ. Sùlíyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, eékún rẹ̀ kan tábìlì. Ẹfun ìkọ̀wé ń kán mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, yóò rántí ẹ̀rín orí fàràǹdà, yóò sì tún mú ẹfun mìíràn. Owú náà ló kọ́ ọ níwèé ju Adégbénró lọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ó sì ti lè ka ohun tí wọ́n bá fi Yorùbá kọ gàdàgbà.

Nígbà tó sọ fún Adégbénró pé òun ń wá onídùúró, ọkùnrin náà ní òun ò tíì dúró fún ẹnikẹ́ni rí, òun yóò sì bá a lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìkẹjà. Sùlíyá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Sùlíyá Suara," nítorí Suara ni bàbá rẹ̀, lẹ́tà náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Adégbénró kọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lọ gbọọrọ. Ọlọ́runníyì fún un ní káàdì.

Kò fi han ẹnikẹ́ni. Orí pẹpẹ tí digí wà ni ó gbé e lé. Àlàmú ló rí i níbẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà ó mú un lọ bá Fàúsát, ó ní kí ó sọ ohun tó wà lára rẹ̀ fún òun. Fàúsát kà á. Àlàmú ní kí ó tún abẹ́ kà. Ó tún un kà.

Àlàmú lọ bá Sùlíyá nídìí obì. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ó na káàdì náà sí i.

"Orúkọ ọkùnrin mìíràn ló wà lábẹ́ orúkọ ìyàwó mi?"

"Onídùúró mi ni."

"Orúkọ mi ò sí níbẹ̀ rárá. Orúkọ bàbá rẹ lo kọ."

"Orúkọ yín ti wà níbòmíràn, Bàbá Ràmátù."

Fún ọjọ́ púpọ̀, Àlàmú kò lè jókòó gbọ́ ìwé. Fàúsát á gbé àtùpà síta, á ṣí ìwé, Àlàmú á máa wo ọ̀nà. Bó bá di Ọjọ́bọ̀ tí Sùlíyá ń múra ẹ̀kọ́, yóò bi í léèrè ìdí tó fi lé tìróò. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá Adégbénró ń wá ìyàwó. Sùlíyá ń wò ó, ó sì dùn mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Ohun tó ti ń jẹ òun láyà láti ìgbà yìí, ẹlòmíràn náà ti wá mọ bó ti ń ta.

Àlàmú dá lọ sí Ìkẹjà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé, ó pe ìyàwó rẹ̀ méjèèjì jókòó. Ó ní akọ̀wé sọ pé ọ̀nà kan wà: bí Fàúsát bá dá káàdì tirẹ̀ padà, orúkọ òun yóò bọ́, òun á sì lè dúró fún Ìyá Ràmátù, kí ti tíṣà lè kúrò níbẹ̀. Fàúsát wọ yàrá rẹ̀, ó mú káàdì rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí ẹní níwájú Sùlíyá, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i.

Ohun tí Sùlíyá ń fẹ́ nìyẹn láti ọjọ́ yìí wá. Ó wà níbẹ̀ lórí ẹní. Ó wò ó pẹ́, ó sì wù ú. Ṣùgbọ́n ó tún ro ti lẹ́tà tirẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti ti ẹni tó dúró fún un tí kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìwé ṣe. Kì í ṣe pé àánú Fàúsát ṣe é púpọ̀. Ó kàn rí i pé bí òun bá gba èyí, òun yóò padà di ẹni tí wọ́n ń pín nǹkan fún.

"Gbé káàdì rẹ," ó sọ fún Fàúsát. Ó wá kọjú sí Àlàmú. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìwé ni mo lọ yá, n ò lọ yá ọkọ."

Láti ìgbà náà ni Àlàmú fi ń fi kẹ̀kẹ́ gbé Sùlíyá lọ sí Ìkẹjà fúnra rẹ̀. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta títí Sùlíyá yóò fi ṣe tán, bí Adégbénró bá sì kọjá, yóò kí i tìyẹ́sítìyẹ́sí, yóò máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ti Sùlíyá, òun ló ń béèrè pé kí ó kàwé fún òun. Sùlíyá ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró mí láàárín. Kò sí ẹyẹ tó ń rìn bí ọlọ́lá níbẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í sọ, ṣùgbọ́n Àlàmú kì í dìde. Fàúsát náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kíákíá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Sùlíyá mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò dùn mọ́ òun.

Nígbà tí Fàúsát bímọ, kò lè lọ sí Ìkẹjà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì tó í dá padà. Ó ronú sí i kó tó fi í lọ Sùlíyá: kí ó bá òun dá a padà, kí ó sì fi káàdì òun yá òmíràn, ìwé òyìnbó lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun bí wọ́n bá ní in. Sùlíyá gba káàdì náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á. Ó lọ, ó dé. Ìwé tó fi káàdì Fàúsát yá bọ̀ kì í ṣe ìwé òyìnbó, kì í sì í ṣe ti ìtọ́jú ọmọ. Ìwé Yorùbá ni, ó nípọn, àwòrán sì wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Kò gbé e fún Fàúsát. Yàrá ara rẹ̀ ni ó gbé e lọ, ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Fàúsát gbé ọmọ pọ̀n, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Sùlíyá. Ó rí i tó tẹrí ba sórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń jẹ obì. Ó béèrè bóyá àwọn tó ń tọ́jú ìwé kò ní irú èyí tí òun ní kí ó yá.

"Wọ́n ní in," ni Sùlíyá wí, kò gbójú sókè. "Màá gbé e wá fún ọ bí mo bá tún lọ. Èyí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kà tán."

Fàúsát gbọn ọmọ sẹ́yìn. Ó ní kò burú, pé bí Ìyáálé bá dé ibi tó le, kí wọ́n pe òun. Sùlíyá ní òun gbọ́. Ó dé ibi tó le kí òòrùn tó wọ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni.